Ìgò Kẹrin

Ìgbà kẹta nìyí tí Ọ̀mọ̀wé Ìbíwùmí Akíntólú ń da omi inú ìgò kẹrin sẹ́nu awòmi, ìgbà kẹta náà sì nìyí tí ẹ̀rọ náà ń dá a lóhùn kan náà.

"Àìkú wà nínú omi yìí," ni awòmi wí. "Ìwọ̀n mẹ́tàlélógójì."

"Tún un wò."

"Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, Ọ̀mọ̀wé. Bí ẹ bá ní kí n wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, màá wò ó. Ohun tó wà níbẹ̀ náà ni màá rí."

Ẹ̀rọ tí kò tóbi ju ẹ̀rọ ìránṣọ lọ, ẹ wo bí ẹnu rẹ̀ ti gùn tó. Ìbíwùmí ì bá bú u, ṣùgbọ́n ta ní ń bú ẹni tó sọ òótọ́? Ó gbé ìgò náà kalẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó káwọ́ lérí. Àìkú ni wọ́n ń pe kẹ́míkà olóró tí kì í jẹrà, tí kì í sì í tán nínú omi.

Agogo mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ ni. Tó bá di agogo mẹ́wàá, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ mọ́kànlá yóò jókòó nínú Gbọ̀ngàn Ẹ̀rí, lẹ́yìn ògiri yàrá kékeré tí ó wà yìí gan-an, wọn yóò sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé kí àwọn fún Ilé-iṣẹ́ Ọ̀tun-Ayé láṣẹ láti máa sun pàǹtí ìpínlẹ̀ mẹ́rin létí ọ̀sà fún ogún ọdún sí i, àbí kí wọ́n paná? Láti ọdún tí wọ́n ti fòfin de ọ̀rá, tí wọ́n sì ti èbúté mọ́ àwọn ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí òkèèrè wá, kò sí ìjọba tó jẹ́ fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́ láìjẹ́ pé onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí kì í jẹun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ti sọ tirẹ̀. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó dára tí kò ní eyín, eyín tirẹ̀ ni Ìbíwùmí ń wò lójú báyìí.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Lánàádé wọlé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Bàbá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, òun ló kọ́ Ìbíwùmí níṣẹ́, ìrùngbọ̀n rẹ̀ funfun, bàtà rẹ̀ kì í sì í bára mu nítorí pé kì í tan iná kó tó wọ̀ ọ́.

"Ìbíwùmí, àwọn ará ọ̀sà ti ń wọlé o. Ọkọ̀ ojú omi mẹ́rìnlélógún ni mo kà ní èbúté, gbogbo wọn ló ń béèrè ọ." Ó wo ojú rẹ̀. "Kí ló dé?"

"Ìgò ẹlẹ́rìí kẹrin, sà. Májèlé wà nínú rẹ̀."

Bàbá náà rọra jókòó. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn yé jù ú lọ, torí òun ló fi ìgò ẹlẹ́rìí mọ Ìbíwùmí nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ogún ọdún. Nígbà yẹn ó ní, "Bí o bá ń lọ bu omi odò, kọ́kọ́ bu omi mímọ́ láti yàrá ìwádìí sínú ìgò kan, gbé e dání lọ. Ṣí i létí odò níbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí o fi ń bu tòdò, kí o sì dé e padà. Bí omi ilé yẹn bá padà délé ní mímọ́, ó ti jẹ́rìí pé ọwọ́ rẹ mọ́. Bí kò bá mọ́, májèlé tí o ní o rí lódò, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ìwọ lo gbé e lọ síbẹ̀."

"Àwọn tó kù ńkọ́?" ni Lánàádé béèrè.

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ tónítóní."

"Mélòó ni òfin ní kí èèyàn gbé lọ?"

"Mẹ́ta, sà."

"Mélòó lo gbé?"

"Márùn-ún."

"Ta ló rán ọ níṣẹ́ márùn-ún?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ ní ọkọ̀ ojú omi lè dà."

Lánàádé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. Ó wo awòmi. "Nǹkan yìí, ṣé ó ń gbọ́ wa?"

"Mò ń gbọ́," ni awòmi dáhùn. "Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣòfófó. Omi ni mò ń wò."

Bàbá fa bẹ́ńṣì mọ́ra. "Gbọ́ mi dáadáa. Mẹ́ta ni òfin béèrè, mẹ́rin tó mọ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ. O ò parọ́ bí o bá gbé mẹ́rin síwájú wọn. Àwo ìfọwọ́ nìyẹn lẹ́yìn rẹ. Da ìgò yẹn nù."

"Sà, Àlébù-Ṣáájú ńkọ́?"

"Mo mọ Àlébù-Ṣáájú kí wọ́n tó bí ọ." Ohùn rẹ̀ le. "Kí o tó sọ ẹ̀rí rẹ, sọ àlébù tó wà nínú rẹ̀. Bí oòrùn bá wọ̀ tí àlébù náà kò tíì ní àlàyé, wọn yóò da gbogbo ẹ̀rí rẹ nù, wọn yóò sì gba ahọ́n rẹ. Ṣé èmi ni o fẹ́ kọ́?"

Wọn kì í fi ọ̀bẹ gé ahọ́n o, kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Orúkọ èèyàn ni wọ́n ń yọ kúrò nínú ìwé àwọn tí ìjọba gbọ́dọ̀ gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, fún ọdún méje gbáko. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ òun nìkan ló ní, ẹ sọ ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ fún mi.

"Ọdún kejìlélógún rèé," ni Lánàádé ń bá a lọ, "tí mo dúró nínú gbọ̀ngàn yìí nítorí àwọn ará Òkè-Àgbọ̀n. Àpótí yìnyín mi kú fún wákàtí méjì lójú ọ̀nà. Mo sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀, èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Oòrùn wọ̀, mi ò rí àlàyé ṣe. Wọ́n gba ahọ́n mi, wọ́n sì kọ́ ilé-iṣẹ́ tí à ń bá jà sí Òkè-Àgbọ̀n. O mọ iye ọmọ tí wọ́n sin níbẹ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Òótọ́ tí mo sọ ni wọ́n fi sin wọ́n, Ìbíwùmí."

Ìbíwùmí rí i pé ojú bàbá náà ti pọ́n, ó sì wù ú kó gbọ́ tirẹ̀, kó sáré da omi yẹn nù kó tó di pé ó tún rò ó. Ṣùgbọ́n ohun kan ń yọ ọ́ lẹ́nu.

"Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn yín. Kẹ́míkà àìkú ní ìran-ìran. Ìgò ogójì ni mo bu nínú ọ̀sà, ìran mẹ́ta péré ni mo bá níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò ju ìwọ̀n méjìdínlógún lọ. Èyí tó wà nínú ìgò kẹrin kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Kò sí nínú ọ̀sà. Kò sí nínú ìbọ̀wọ́ mi, mo ti wò ó. Kò sí nínú yàrá ìwádìí wa. Níbo ni ọwọ́ mi ti wá rí i?"

"Bí o kò bá mọ̀, àlébù tí kò ní àlàyé nìyẹn." Ó dìde, ó gbá ọ̀pá mú. "Èmi kò wá síbí láàárọ̀ yìí. Mi ò rí nǹkan kan."

Ó jáde lọ. Ìbíwùmí mú ìgò náà, ó lọ dúró ní ìdí àwo ìfọwọ́. Ó ronú nípa Etí-Ọ̀sà, abúlé tó ti bu omi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi sùn nílé Ìyá Oyèbísí, obìnrin tó ń fi ọkọ̀ gbé e kiri. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ni oyún ti bàjẹ́ lára wọn láàárín ọdún méjì. Àwọn ará ibẹ̀ kò ní ẹlòmíràn tó máa bá wọn sọ ọ́. Bó bá dà á nù, wọn ó borí lónìí. Bó bá sọ ọ́, ó lè jẹ́ pé òun ló máa fi ọwọ́ ara òun fún Ọ̀tun-Ayé ní ogún ọdún.

Ó ti tẹ ìgò náà. Omi ti dé ẹnu rẹ̀.

Àfi bó ṣe dúró. Nǹkan tó wọ inú ìgò yìí, ibì kan ló ti wá, kò jábọ́ láti ojú ọ̀run. Ìwọ̀n mẹ́tàlélógójì. Ó ju ìlọ́po méjì ti ọ̀sà tí gbogbo ayé ń sá fún. Ibì kan wà tí májèlé yìí ń ti ń jáde, ó sì ṣeé ṣe kí ẹnìkan wà níbẹ̀ tó ń wẹ̀ nínú rẹ̀ tàbí tó ń fi í se oúnjẹ. Bí òun bá da omi yìí nù, ta ló máa wá ẹni yẹn rí?

Ó dé ìgò náà. Ó ń bínú sí ara rẹ̀.

Ilẹ̀kùn Ẹ̀bùn ni èèyàn ń gbà wọ Gbọ̀ngàn Ẹ̀rí. Bí onímọ̀ bá ti ń kọjá lábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn náà á ka gbogbo ohun tó ti gbà lọ́wọ́ ọmọ aráyé fún ọdún mẹ́ta, létí gbogbo ènìyàn. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan wà tí wọ́n dé ibẹ̀ tí wọ́n ṣẹ́rí padà.

"Ọ̀mọ̀wé Ìbíwùmí Akíntólú," ni ilẹ̀kùn kígbe. "Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kankan. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ìjọba ju owó oṣù lọ. Ó gba ẹja gbígbẹ mẹ́fà àti ẹní kan lọ́wọ́ Ìyá Oyèbísí ti Etí-Ọ̀sà."

"Méje ni," ni ohùn kan wí láti òkè níbi tí àwọn ará ìlú jókòó sí. "Ó jẹ ọ̀kan lójú omi kó tó kà á."

Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Ìyá Oyèbísí ló sọ̀rọ̀. Ó jókòó ní ìlà iwájú láàárín àwọn èèyàn rẹ̀, ó we gèlè aláwọ̀ ewé, ó ká ẹsẹ̀ jọ bí ẹni tó wá síbi ìsìn. Ìbíwùmí kò lè wo ojú rẹ̀.

Gbọ̀ngàn náà kún fọ́fọ́. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ mọ́kànlá jókòó ní ìdajì òṣùpá, Alága wọn, Arábìnrin Ṣijúwadé, wà láàárín. Agbọ́tán, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, rọ̀ sókè orí wọn bí akèrègbè ńlá. Lápá òsì ni tábìlì Ọ̀tun-Ayé wà. Agbẹjọ́rò wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ajíbúlù, jókòó síbẹ̀, aṣọ rẹ̀ dán, eyín rẹ̀ dán. Wọ́n gbé ìkòkò dígí omi tútù síwájú rẹ̀, wọ́n sì gbé irú rẹ̀ síwájú ọmọ ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan. Omi Ọ̀tun-Ayé ni. Láti ọdún méje tí wọ́n ti kéde pé omi ọ̀sà kò ṣeé mu mọ́ ni ilé-iṣẹ́ náà ti ń sẹ́ omi, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ pín in lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo abúlé etí ọ̀sà, orúkọ rere tí wọ́n sì fi gbà kò kéré.

"Ọ̀mọ̀wé," ni Alága wí, "kí a tó gbọ́ ẹ̀rí yín, kí ni àlébù rẹ̀?"

Bí wọ́n ṣe máa ń béèrè rẹ̀ nìyẹn. Àwọn onímọ̀ a máa dáhùn pé òjò rọ̀ ní ọjọ́ kejì, tàbí pé aago àwọn fi ìṣẹ́jú kan lọ síwájú, wọn á sì kọjá. Ìbíwùmí wo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ó rí Lánàádé. Bàbá náà ń mi orí fún un díẹ̀díẹ̀.

"Ìgò ẹlẹ́rìí márùn-ún ni mo gbé lọ sí Etí-Ọ̀sà," ni Ìbíwùmí wí. "Mẹ́rin mọ́. Èyí tó kù, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rin, ní àìkú nínú ní ìwọ̀n mẹ́tàlélógójì. Mi ò mọ ibi tó ti wá. Ìgò náà rèé."

Ariwo sọ. Ẹnìkan ní òkè ń pariwo pé, "Kí ló ń sọ? Ṣé tiwa ló ń sọ ni àbí tiwọn?" Lánàádé di ojú rẹ̀. Agbẹjọ́rò Ajíbúlù ti dìde, ó ń tún aṣọ rẹ̀ tò, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń rọ ọ̀rọ̀ lẹ́nu bí ẹni ń rọ oyin.

"Alága mi, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀mọ̀wé. Olóòótọ́ obìnrin ni. Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé májèlé ń bá ọwọ́ òun rìn. Ìgò ogójì tó ní òun bu nínú ọ̀sà, ọwọ́ kan náà ló fi bù wọ́n. Kí la tún ń dúró dè?"

"Oòrùn," ni Alága dáhùn. "Òfin fún un di ìgbà tí oòrùn bá wọ̀. Ọ̀mọ̀wé, ẹ rò fún wa bí ìgò yìí ṣe rìn, láti ilé dé ibí. Ẹ má fo nǹkan kan."

Ìbíwùmí bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ó bu omi mímọ́ sí i ní Ìbàdàn. Ó gbé e sínú àpótí. Ó ṣí i lórí ọ̀sà ní ọjọ́ kẹfà, ó dé e padà. Ó gbé àpótí náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá Oyèbísí di ọjọ́ kẹsàn-án.

"Ta ni ó fọwọ́ kàn án lẹ́yìn yín?"

"Kò sí, Alága. Èmi nìkan ni."

"Irọ́ ni," ni Ìyá Oyèbísí wí.

Ó ti dìde dúró lókè, ó gbá iwájú àga mú. Agbọ́tán tan iná pupa. "Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí kò ní ahọ́n nínú gbọ̀ngàn yìí. Mi ò ní kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀."

"Àfi bí ẹni tó ní ahọ́n bá yá a ní tirẹ̀," ni Alága wí. "Ṣé ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin onímọ̀? Bí ìyá yìí bá purọ́, ahọ́n ẹni tó yá a ló lọ. Ta ló máa yá a?"

Onímọ̀ mẹ́rìndínlógún ló wà nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ń wo ìwé ń wo ìwé, ẹni tó ń nu awò ojú ń nu awò ojú. Ìbíwùmí ní òun ó yá a. Alága ní rárá, tirẹ̀ ti wà lórí ìwọ̀n. Nígbà náà ni ọ̀pá kan lu ilẹ̀ lẹ́yìn.

"Mo yá a ní tèmi," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Lánàádé wí. "Ẹ jẹ́ kí ìyá sọ̀rọ̀."

Iná Agbọ́tán di aláwọ̀ ewé. Ìyá Oyèbísí wúkọ́.

"Ẹ má bínú sí ọmọ yìí. Èmi ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ keje, mò ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo rí i pé ìsàlẹ̀ àpótí rẹ̀ tutù. Mo ṣí i. Ìdérí ìgò kan kò wọlé dáadáa, omi rẹ̀ ti jò, ó ti dín ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Ó dùn mí. Àlejò gbé ẹrù sílé mi, ẹrù ọ̀hún wá dín sí mi lọ́wọ́? Nílé tiwa, àwo tí wọ́n bá fi gbé ọbẹ̀ wá fún ọ, o kì í dá a padà lófìfo. Mo bá bu omi tó dára jù nílé mi, mo fi kún un, mo sì dé e le."

Ìbíwùmí kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun sunkún. "Ìyá, ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Ọmọ mi, ta ní ń ròyìn oore?"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, Ajíbúlù náà rín in títí. Ó ní ọ̀rọ̀ parí: ẹ̀rí tí ìyá onílé ń fi omi lú, ṣé ẹ̀rí nìyẹn? Ṣùgbọ́n Alága kò rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, omi wo lẹ bù sí i?"

"Omi Ọ̀tun-Ayé ni. Èyí tí wọ́n ń pín fún wa. Kò sí omi míì tó dára nílé wa." Ó nawọ́. "Òun ló wà nínú ìkòkò iwájú yín yẹn."

Ẹ̀rín kú. Ìgbà náà ni ohun gbogbo là sí Ìbíwùmí lójú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí òun ń wá ní ìdí àwo ìfọwọ́ láàárọ̀, ẹni tó ń gbé níbi tí májèlé ti ń jáde, òun ló dúró lókè yẹn pẹ̀lú gèlè aláwọ̀ ewé. Àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ọ̀rọ̀ àbùkù nìyẹn," ni Ajíbúlù wí. "Omi wa ni omi tó mọ́ jù ní gbogbo etí ọ̀sà. Èmi alára ń mu ún, ẹ̀ ń wò mí. Bí májèlé bá wà nínú ìgò yẹn, ọwọ́ ẹni tó bu omi ló ti wá, kì í ṣe omi wa. Mo fi orúkọ ilé-iṣẹ́ mi dúró lé e."

"Mo ti kọ ọ́," ni Agbọ́tán wí.

Ìbíwùmí rìn lọ sí ìdí tábìlì rẹ̀. "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ bá mi mú ife yín."

Ọkùnrin náà di ife mú.

"Ẹ fún un," ni Alága wí.

Wọ́n gbé awòmi wá láti yàrá kékeré, wọ́n gbé e sáàárín gbọ̀ngàn níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i. Ìbíwùmí da omi ife náà sí i lẹ́nu. Ẹ̀rọ náà kùn díẹ̀, ó dákẹ́, ó tún kùn.

"Àìkú wà nínú omi yìí. Ìwọ̀n mọ́kàndínláàádóje."

"Ìran rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìran tó wà nínú ìgò kẹrin ni. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n."

"Alága," ni Ìbíwùmí wí, ohùn rẹ̀ sì lọ dé òrùlé, "ìyá ní ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò náà ló jò, òun sì fi omi yìí dí i. Ẹ pín mọ́kàndínláàádóje sí ọ̀nà mẹ́ta."

Ọmọ ìgbìmọ̀ kan tó ti jẹ́ olùkọ́ ìṣirò nígbà kan ló kọ́kọ́ sọ ọ́. "Mẹ́tàlélógójì."

"Mẹ́tàlélógójì gééré. Àlébù mi ti ní àlàyé. Omi ogójì tí mo bu nínú ọ̀sà dúró bó ṣe wà, ó sì burú. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n gbé fún àwọn èèyàn yìí kí wọ́n má bàa mu ọ̀sà fi ìlọ́po méje burú jù ú lọ. Ọdún méje ni wọ́n ti ń mu ún."

Ẹ̀ ń gbọ́ bí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ṣe ń gbé ife kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn tu ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ sínú áńkáṣíìfù. Lókè, obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹnìkan sì ń sọ fún un pé kó máa sun ún, pé kó sun ún dáadáa.

Ajíbúlù ṣì dúró. Ó ń wo ife òfìfo rẹ̀. "Àwọn ọmọ mi méjèèjì ń mu ún," ni ó wí, kì í ṣe sí ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó ṣí àpò ìwé rẹ̀, ó wá ìwé kan títí ó fi rí i. "Alága mi, táńkì tí wọ́n ń tọ́jú omi náà sí, ike tí wọ́n rọ láti inú pàǹtí tí wọ́n kó jọ ni wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀. Wọ́n ní kò wọ́n, wọ́n ní kò léwu. Ìwé rẹ̀ rèé. Mi ò ṣe agbẹjọ́rò wọn mọ́ láti ìsinsìnyí lọ."

Alága gba ìwé náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó yọ awò. "Ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀, ẹni tó bá ní kí a paná, kó nawọ́."

Ọwọ́ mọ́kànlá ló lọ sókè. Ẹni tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ń sọ fún àwọn oníròyìn pé iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, tirẹ̀ ló kọ́kọ́ gòkè.

Agbọ́tán ka àṣẹ náà sí gbogbo etí. Kí iná Ọ̀tun-Ayé kú lónìí. Kí wọ́n fi èdìdì di gbogbo táńkì omi wọn. Kí oòrùn tó wọ̀, kí ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ máa ru omi ìsun òkè lọ sí abúlé kọ̀ọ̀kan létí ọ̀sà, kí awòmi kan sì wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Láti òní lọ, omi tí ẹnikẹ́ni bá fi ṣàánú aráàlú gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́nu awòmi kí ó tó kọjá lẹ́nu ọmọ ènìyàn.

Nígbà náà ni ariwo wá sọ. Àwọn ará Etí-Ọ̀sà ń fò, wọ́n ń dìmọ́ ara wọn, àwọn ọkùnrin ń lu àga bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fọ́ ọ. Lánàádé ti dé ọ̀dọ̀ Ìbíwùmí, ó dì í lọ́wọ́ méjèèjì mú, omijé ń gba inú ìrùngbọ̀n rẹ̀. "Ó kù díẹ̀ kí n mú ọ dà á nù," ni ó ń wí. "Ìbíwùmí, ó kù díẹ̀." Ìbíwùmí fa bàbá náà mọ́ra.

"Ẹ̀rí méjì ló wà níwájú mi," ni Agbọ́tán wí lórí ariwo náà. "Ẹ̀rí ti ọ̀sà, Ọ̀mọ̀wé Akíntólú ló ni ín. Ẹ̀rí ti omi mímu, orúkọ ta ni kí n kọ sí ìdí rẹ̀?"

"Kì í ṣe tèmi," ni Lánàádé wí. "Ahọ́n lásán ni mo yáni."

"Kì í ṣe tèmi náà," ni Ìbíwùmí wí. "Àlébù ni mo pè é. Ìyá ló ni ín."

"Ìyá Oyèbísí," ni gbogbo òkè dáhùn lẹ́ẹ̀kan.

"Ìyá Oyèbísí kì í ṣe orúkọ," ni Agbọ́tán wí. "Orúkọ ọmọ wọn nìyẹn. Orúkọ tiwọn ni mò ń béèrè."

Láti ogójì ọdún tí ìyá náà ti bí àkọ́bí rẹ̀, kò sí ẹni tó pe orúkọ yẹn mọ́, àwọn tó ń pè é ti kú tán. Ẹ lè rí i tó ń wá a kiri lọ́kàn ara rẹ̀.

"Tinúadé," ni ó wí. "Tinúadé Ọbańlá."

"Tinúadé Ọbańlá," ni Agbọ́tán tún un pè, ó sì kọ ọ́. "Ẹ̀rí tí ìgbìmọ̀ bá tẹ̀ lé, ẹni tó ni ín ní ahọ́n nínú gbọ̀ngàn yìí títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Òfin ni. Ìjókòó òní ti parí."

Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ti dìde, wọ́n ń kó ìwé wọn jọ, ọ̀kan tilẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ dúró ná," ni Ìyá wí láti òkè. "Ahọ́n yẹn, ṣé láti ìsinsìnyí ni mo ti lè lò ó?"

"Láti ìsinsìnyí ni, mà."

"Ó dáa." Ó tún gèlè rẹ̀ so, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, àwọn èèyàn ń là fún un lápá ọ̀tún lápá òsì títí ó fi dé àárín gbọ̀ngàn, níbi tí ẹnì kankan láti etí ọ̀sà kò tíì dúró sí rí. Ó wo àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ jókòó padà. Abúlé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló wà létí ọ̀sà, ọ̀kan ṣoṣo lẹ gbọ́ yìí."

Wọ́n sì jókòó.